Káráfáànù Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Cae Uchaf

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin

A gbé káráfáànù, ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà, dé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mítà méje ààbọ̀ ní gígùn, táyà mẹ́rin, tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ láìtíì di ẹrù sí i. Àyè kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù ní pápá Cae Uchaf ni èyí tí ó wà lẹ́bàá ògiri òkúta lókè, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà odò. Àwọn àyè pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú omi. Mo wọn ilẹ̀ náà kí n tó gbà á. Láti táyà òsì dé táyà ọ̀tún, ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún lọ sílẹ̀; láti imú dé ìdí, mọ́kànlá. Ti imú kò le, táyà kékeré iwájú tí a lè yí lọ sókè sódò yóò bójú tó o. Ti ẹ̀gbẹ́ ni iṣẹ́. Pátákó oníke tí wọ́n ń tà fún gbígbé táyà sókè (pọ́ùn méjìdínlógún, ẹyọ méjì) kò lè gbé e ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ.

Ìyáàfin Heulwen Parry, ẹni tí ó ni pápá, fara ti géètì, ó ń wo bí mo ṣe ń gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ tí a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, lé koríko rẹ̀.

"Idwal Onílẹ́fẹ́ẹ̀lì," ni ó wí, "ó ti tó ogójì ọdún tí àgùntàn mi ti ń jẹko níbẹ̀ yẹn. Kò tíì sí ọ̀kan tó yí gbirigbiri wọ odò."

"Àgùntàn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, mà."

"Káráfáànù tìẹ náà sì ní táyà mẹ́rin. Kí ló wá kù?"

Ó ti sọ mí lórúkọ, orúkọ náà yóò sì ṣáájú mi dé abúlé.

Mo da àdéhùn ilé ìwòsàn kọ síhìn-ín, kí n má baà sọ lọ́la pé n kò mọ̀. Bàbá yóò jáde ní ọjọ́ kejìlá. Yóò máa gbé inú káráfáànù pẹ̀lú mi títí Eurwyn bíríkìlà yóò fi parí yàrá àti balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, nítorí kò tún lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Nọ́ọ̀sì yóò máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí Bàbá bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilé tó parí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní etí òkun ni ó ń lọ, kò sì ní padà. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi Menna ti fọwọ́ sí i ṣáájú mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Mo ka ìwé ìtọ́ni káráfáànù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ rí Bàbá. Òòyì ṣì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ kò mọ ibi tí ìdúró wà mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó bá dà díẹ̀ péré, ara rẹ̀ yóò kà á sí bèbè òkè.

"Kí lo fi sábẹ́ táyà?" Kò tíì kí mi tí ó fi bèèrè.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Pátákó oníke ni."

"Oníke." Ó yíjú sí ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ẹ gbọ́ ọ? Ọdún mẹ́ta ni mo fi rán an lọ sí pólì. Ike ló kọ́ bọ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sára rẹ̀, Bàbá."

"Síléètì ò kọ nǹkan kan sára, orí ẹ̀ sì ni gbogbo abúlé wa dúró sí. Lọ sí òkìtì àfọ́kù lẹ́yìn kúárì. Má mú síléètì tí wọ́n ń pè ní Dọ́ṣẹ́ẹ̀sì, má mú Kọ́ńtẹ́ẹ̀sì. Orí òrùlé làwọn yẹn ń gbé, ìyàwó ọlọ́lá ni wọ́n, wọn ò mọ ẹrù-rírù. Àwọn tó nípọn tó ọwọ́ mi, tá ò fún lórúkọ rárá, àwọn yẹn ni kó o mú."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni ó fi la síléètì, òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé, ní kúárì yẹn. Mo mọ̀ pé síléètì tutù máa ń yọ̀, mo sì mọ̀ pé ó lè ṣẹ́. N kò sọ ọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo bá Ìyáàfin Parry sọ̀rọ̀ pé kí ó jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, kí táyà òsì lè wọlẹ̀. Èrò mi ni pé kí a mú òkè wálẹ̀ ní ìdajì, kí a sì gbé ìsàlẹ̀ sókè ní ìdajì.

"Ṣọ́bìrì? Nínú pápá mi? Idwal, bí ṣọ́bìrì rẹ bá fi lè kan koríko yìí, òun náà ni màá fi sin ẹ́ síbẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán mo lọ sí òkìtì àfọ́kù. Mo kó síléètì mẹ́rìnlá, gbogbo wọn aláìlórúkọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo to síléètì sábẹ́ pátákó oníke ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo fi mọ́tò fa káráfáànù gùn ún díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì ọwọ́, lẹ́yìn náà ìdènà ní iwájú àti ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Mo yọ mọ́tò kúrò, mo yí táyà kékeré iwájú títí imú fi bá ìdí dọ́gba. Ní ìgbẹ̀yìn mo sọ ẹsẹ̀ irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káráfáànù kalẹ̀, síléètì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wọn. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì orí tábìlì: hóró afẹ́fẹ́ inú omi rẹ̀ dúró sí àárín gbùngbùn. Ìyàtọ̀ mìlímítà méjì láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó kó irinṣẹ́ mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Bàbá dé. Èmi àti awakọ̀ ilé ìwòsàn ni a gbé e gòkè. Kò wo bẹ́ẹ̀dì, kò wo fèrèsé. Ó ní kí n bu tíì sí ife kún títí dé etí, kí n gbé e ka tábìlì. Ó tẹ orí wálẹ̀, ó wo bí ojú tíì ṣe bá etí ife mu.

"Ó dà sọ́wọ́ ọ̀tún."

"Mìlímítà méjì ni, Bàbá."

"Mo ní ó dà. Mi ò ní ó pọ̀."

Ó rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀tún lára kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, ọwọ́ mi méjèèjì ṣí sílẹ̀ bí ti ẹni tí ń lé adìyẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nọ́ọ̀sì Tegwen wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ díẹ̀, ó wa ọkọ̀ pupa kékeré kan, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ó bèèrè bí Bàbá ti ń jẹun, bí ó ti ń sùn, àti bóyá ó ti ṣubú.

"Ìwọ náà ńkọ́, ọmọbìnrin?" ni Bàbá wí. "Ṣé o kì í ṣubú ni?"

"Mo ṣubú lóṣù tó kọjá, Bàbá. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ ló rí mi."

"Wọ́n sì jẹ́ kó o padà sílé ara rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n biro rẹ̀ kò dúró. Mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: kò ṣubú.

Àìkú, ọjọ́ ogún. Àjíǹde

Menna wá láti Wrexham. Àjà kẹta ni ó ń gbé níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ agbénisókè, nítorí náà ọ̀rọ̀ pé kí Bàbá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò wáyé rí. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé.

"Inú àpótí lo fi Bàbá sí, Idwal. Àpótí onítáyà."

"Ó tẹ́jú, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò béèrè bóyá ó tẹ́jú. Ta lò ń ṣe èyí fún? Bàbá ni, àbí ìwọ?"

Mo gé bara brith, búrẹ́dì aládùn tí ó ní èso gbígbẹ, mo fi bọ́tà sí i. Bàbá ti di ojú láti ìgbà tí ó ti gbọ́ ìró ọkọ̀ Menna.

"Etí òkun yẹn dára," ni Menna wí. "Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní ọgbà. Ṣé tí ó bá ṣubú síbí lóru, lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ lo máa fi gbé e?"

"Mò ń gbọ́ yín o," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Etí mi ò rọ."

Nígbà tí Menna ń lọ, ó jókòó nínú ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó wà á lọ. N kò lọ bá a.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀n ọjọ́

Mílíìkì ti kan fún ìgbà kejì lọ́sẹ̀ yìí. Fìríìjì kò tutù. Mo pààrọ̀ gáàsì (pọ́ùn mẹ́rìnlá), kò yàtọ̀. Fìríìjì onígáàsì kì í ṣiṣẹ́ bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n lẹ́fẹ́ẹ̀lì orí tábìlì kò fi nǹkan kan hàn. Òjò láti àárọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún

Òjò. Bàbá wà ní àlàáfíà. Kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀.

Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Ohun tí mo kọ ní Àbámẹ́ta kì í ṣe òótọ́. Kò sí ẹni tí ń ka ìwé yìí, nítorí náà n kò mọ ẹni tí mo ń purọ́ fún.

Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Bàbá dìde láti gbé kẹ́tùrù. Ìró kan dún lábẹ́ wa bí ìbọn ọdẹ. Igun ọ̀tún ẹ̀yìn rì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fi yíjú padà, Bàbá ti wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú. Igbọnwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò fi orí gbá ohunkóhun.

"Síléètì nìyẹn," ni ohun tí ó kọ́kọ́ sọ. "Ó ṣẹ́ ní ìbú."

Mo gbé e jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ wo abẹ́. Omi òjò ti ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ òkè gba abẹ́ káráfáànù kọjá, ó sì ti wẹ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ síléètì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń ru táyà ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ igun tí ó wà níbẹ̀ gba ẹrù tí kò yẹ ẹ́, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Tábìlì wà ní iwájú; ẹ̀yìn ni fìríìjì wà. Fìríìjì ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta, èmi sì ń bi tábìlì.

"O gbé e lé òfìfo," ni Bàbá wí nígbà tí mo ròyìn fún un. "Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní síléètì, Bàbá."

"Síléètì ni mo ní. Mi ò ní òfìfo."

Mo fi jáàkì gbé igun náà, mo kó ìtì igi sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè sùn níbẹ̀. Láti ọ̀sán Àbámẹ́ta ni Bàbá ti ń sùn lórí sọ́fà ní pálọ̀ Ìyáàfin Parry. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi katakata bá mi fa káráfáànù kúrò ní ọjọ́ kejì.

"Ọjọ́ Àìkú?" ni ó wí. "Katakata mi kì í jí lọ́jọ́ Àìkú. Títí ọkọ mi fi kú, kò wà á lọ́jọ́ Àìkú rí. Ṣé tìtorí tìẹ ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Nítorí náà ó gbé Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí òjò kò jẹ́ kí a ṣe ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́ ó wo Bàbá bí ó ti ń gbìyànjú láti dìde kúrò nínú sọ́fà rẹ̀ tí ó rì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pè mí sí ilé ìdáná.

"Gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ní bí ṣọ́bìrì bá kan koríko—"

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Gbẹ́ ẹ, àmọ́ kó o bó koríko yẹn bí ẹni ń bó awọ àgùntàn, ká lè dá a padà síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Oòrùn, atẹ́gùn láti ìwọ̀-oòrùn. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. A gbé àga ilé ìdáná síbi géètì fún Bàbá, aṣọ ìbora lé e lẹ́sẹ̀. Ìyáàfin Parry fi katakata fa káráfáànù jáde, mo sì bó koríko ilẹ̀ náà ní ìlà méjì, mo ká a bí ẹní. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, mo gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sílẹ̀ fún táyà òsì. Ní ẹ̀gbẹ́ odò, mo gbẹ́ ìwọ̀nba tí mo fi kan ilẹ̀ líle, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo gún un mọ́lẹ̀. Lórí rẹ̀ ni mo tẹ́ pákó ojú irin rélùwéè àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé àgùntàn sí, èyí tí ó gùn tó mítà méjì àtààbọ̀, kí táyà ọ̀tún méjèèjì lè dúró lórí igi kan náà. Ní òkè pátápátá, lẹ́bàá ògiri, mo la ojú àgbàrá kan tí yóò yí òjò gba ẹ̀gbẹ́. Ojú àgbàrá yìí ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ là ní ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá. Wọ́n kọ́ wa ní pólì pé kí a tó wọn ilẹ̀, kí a bi omi léèrè ibi tí ó ń lọ. Ilẹ̀ nìkan ni mo wọ̀n.

Bàbá ní kí n gbé síléètì tí ó ṣẹ́ wá. Ó fi eékánná kàn án, ó gbé e sétí.

"Ó ti ní ìlà nínú tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Ǹ bá ti gbọ́ ọ ká ní mo kàn án."

"Ẹ kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Mi ò sí níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mò ń pàṣẹ." Ó gbé síléètì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò tún mẹ́nu kàn án.

Ìgbà tí ó tó àkókò láti fa káráfáànù padà, ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

"Díẹ̀! Díẹ̀ ni mo wí, Heulwen! Ṣé Lọ́ńdọ̀n lò ń gbé e lọ ni?"

"Bàbá Idwal, ẹ fìdí lé àga yín, ẹ jẹ́ kí n wa katakata mi!"

"Mo ti fìdí lé e. Kí ni mo tún lè fìdí ṣe? Idwal, táyà ẹ̀yìn! Ṣé kò tíì gun igi?"

"Ó ku ìka mẹ́ta!"

"Ìka ta ni? Tìẹ àbí tèmi?"

"Tiyín, Bàbá."

"Nígbà náà ó ṣì jìnnà. Tún fà á, Heulwen. Bí ìgbà tí o bá ń fa ọmọ àgùntàn jáde nínú ìyá ẹ̀."

"Ẹ ò fa ọmọ àgùntàn kankan rí láyé yín!"

"Ìyẹn ni mo ṣe ń ní kó o fà á."

Táyà méjèèjì gun igi ní aago méjì ọ̀sán. Bíréèkì, lẹ́yìn náà ìdènà mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni mo tó jẹ́ kí Ìyáàfin Parry yọ katakata. Mo yí táyà kékeré iwájú títí imú fi dọ́gba. Mo ti ra ẹsẹ̀ igun tuntun rọ́pò èyí tí ó tẹ̀. Mo sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ títí wọ́n fi kan pákó wọn, mo sì dá ọwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ igun kì í ru ilé. Kí ilé má baà mì ni ó wà fún.

Mo wọn ilẹ̀ inú káráfáànù ní mìlímítà, ní ibi mẹ́rin dípò ibì kan: tábìlì, ilẹ̀kùn, fìríìjì, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Fìríìjì tutù. Bàbá padà sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, lórí àwo ọbẹ̀ lobsgows, ó dá ṣíbí dúró láàárín ọ̀dùnkún àti ẹran.

"Mi ò ṣubú, ṣé o gbọ́? Mo jókòó sílẹ̀ kíákíá ni."

Mo bu omi sí ife rẹ̀.

"Heulwen ò ní sọ. Kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ ibí mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè rí."

Òótọ́ ni. Mo ti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa débi pé kò sí àmì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Nọ́ọ̀sì Tegwen bọ́ bàtà, ó jókòó, ó bèèrè oúnjẹ, ó bèèrè oorun. Ó bèèrè èkẹta. Mo sọ fún un. Mo sọ ọjọ́, aago, ìwọ̀n tí igun náà rì, àti igbọnwọ́ tí ó bó. Bàbá yíjú sí fèrèsé.

"Ṣé ó fi orí gbá nǹkan?"

"Rárá."

"Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ ò sì pè mí."

"Mi ò pè yín."

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó jáde, ó kúnlẹ̀ nínú koríko tutù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ káráfáànù fún ìgbà pípẹ́. Ó ti igi náà pẹ̀lú ọwọ́. Ó bèèrè ohun tí ojú àgbàrá lẹ́bàá ògiri wà fún, mo sì ṣàlàyé.

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́, Idwal."

"Mo mọ̀."

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe kọ ọ́: ilẹ̀ ló kúrò lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni màá pinnu. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá mú èsì ilé ìwòsàn wá. Ẹ máa wọn ilẹ̀ yìí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi mọ́."

Nígbà tí mo wọlé, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan. Bàbá kò sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan. Òjò líle ní ọ̀sán. Mo dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú agbòjò, mo ń wo omi bí ó ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Òdo, ọ̀kan, òdo, méjì. Mo tún un wọ̀n: ọ̀kan. Eruku ni ó wà lábẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì.

"Ìyá rẹ náà rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí ẹni pé a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti àárọ̀. "Kò lè purọ́ kó fi gba ara ẹ̀ là. Ó máa ń sú mi." Ó ní kí n bu lobsgows sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan. Bàbá di báàgì kékeré kan fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ohun èlò ìfárùngbọ̀n àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni ó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lẹ́tà náà jẹ́ ojú ìwé kan. Nọ́ọ̀sì Tegwen kà á sókè. Wọ́n gbà kí Bàbá dúró títí ilé yóò fi parí. Bí ilẹ̀ káráfáànù bá tún yí ju mìlímítà márùn-ún lọ, kí a pè wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí ilé bá sì parí, kì í ṣe pé a kàn máa kó wọlé: nọ́ọ̀sì yóò wo bí Bàbá ti ń rìn níbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

"Tí mi ò bá wá lè rìn níbẹ̀ ńkọ́?" ni Bàbá wí.

"Etí òkun nìyẹn, Bàbá. Mi ò ní tàn yín."

"Ó dáa. Ó kéré tán, ìwọ náà ò mọ irọ́ pa."

Menna tẹ̀ mí láago ní ìrọ̀lẹ́.

"Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi. Mo rò pé o máa fi pamọ́."

"Mo fi pamọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n."



"Báwo ló ṣe tẹ́jú tó báyìí?"

"Mìlímítà kan."

"Ó dáa," ni ó wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Kẹfà

Eurwyn ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ó wí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Òdo, ọ̀kan, òdo, ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ooru. Bàbá rin ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án láìfọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ó rìn wọnú koríko níta, ó di ejìká mi mú láti ìgbésẹ̀ kìíní. Inú káráfáànù nìkan ni ó ti lè rìn. Èyí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ilé ti parí. Èmi, Bàbá, Nọ́ọ̀sì Tegwen, àti Eurwyn bíríkìlà, tí sìmẹ́ńtì ṣì wà lára sòkòtò rẹ̀.

Yàrá tuntun ni a kọ́kọ́ wọ̀. Mo ti bá Eurwyn sọ ọ́ pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ṣe é: òdo ní gbogbo ibi tí mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé. Bàbá rìn ín, ọwọ́ lára ògiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń gba inú ilé onílé kọjá. Nọ́ọ̀sì Tegwen kọ nǹkan. N kò wo ohun tí ó kọ.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí Bàbá fi ilé ìdáná hàn án. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ síléètì ńláńlá tí bàbá-bàbá mi tẹ́. Bàbá kọjá ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lára ògiri. Ó rìn kọjá ààrò, ó yí tábìlì po, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò di ohunkóhun mú. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kalẹ̀. Hóró afẹ́fẹ́ sá lọ sí ìpẹ̀kun. N kò wọn ilẹ̀ yẹn rí ní gbogbo ọdún méjìléláàádọ́ta mi. Ó dà sí ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní mìlímítà méjìdínlógójì, kí omi ìfọlẹ̀ lè máa ṣàn jáde. Káráfáànù kò dà tó bẹ́ẹ̀ rí, àyàfi ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta yẹn.

"Mo ti rí i," ni Eurwyn wí. "Ó burú. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, màá sọ ọ́ di bíi gíláàsì."

Nọ́ọ̀sì Tegwen wo ilẹ̀, ó wo Bàbá, lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ìtẹ́jú, Idwal. Kí lẹ rí sí i?"

Mo dìde. Mo sọ fún Eurwyn pé kí ó má fọwọ́ kan án, ẹsẹ̀ Bàbá mọ bí ó ṣe dà.

Nọ́ọ̀sì Tegwen fọwọ́ sí ìwé náà lórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì ní kí èmi náà fọwọ́ sí i. Bàbá bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni máa mu tíì. Kò dúró kí a dáhùn kí ó tó lọ gbé kẹ́tùrù. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni.